Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó tún Land Rover àtijọ́ ṣe nílé

Ọdún 1948 ni Land Rover kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà kan, iléeṣẹ́ Leyland ní Ibadan náà ń tò ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan tí wọ́n pa tì sẹ́yìnkùlé bàbá yín ní Oro-Ago, ẹ má tíì tà á fáwọn tó ń ra irin.

Ṣáàsí: Àlùmíníọ́mù ni ara ọkọ̀ náà, àmọ́ irin ni ṣáàsí rẹ̀. Ó lè ti dípẹtà tán kí ara ṣì máa dán. Ẹ fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá dún gooro, wẹ́dà ló kàn.

Bíréèkì: Òun ló ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà àti ọ́ìlì rẹ̀. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra. Tó bá gbóná níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bíréèkì á kàn rì ni, ọkọ̀ ò ní dúró.

Wáyà: Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1967, ẹnu pọ́sítífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá so rédíò òde òní mọ́ ọn láì wò ó, ó lè jóná.

Jáàkì: Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ fi irin tó lágbára gbè é lẹ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le.

Ìwé: Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i, ẹ lọ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nínú ìwé ọkọ̀, káwọn ọlọ́pàá má baà pè yín lólè.