Owó Ọkọ̀ àti Wíwọ Ọkọ̀ Méjì ní Sùúrùlérè, Yábà àti Muṣin

Láti ọdún 1955, nígbà tí LEDB, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó há mọ́ra wọn láàárín Erékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, bẹ́ẹ̀ ọjà, iṣẹ́ àti ẹbí wọn ṣì wà níbi tí wọ́n ti kúrò. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń sanwó ọkọ̀ lálọ lábọ̀. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ìwádìí láàárín wọn, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1961 sì fi hàn pé owó ọkọ̀ wà lára ohun tó ń ni wọ́n lára, àti pé òwò àwọn obìnrin tó ti jìnnà sí oníbàárà wọn rẹ̀yìn gidigidi.

Ní 1958, Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó ra ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Zarpas, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ṣùgbọ́n bí àṣẹ ìgbìmọ̀ náà ti dé Yábà àti Sùúrùlérè, kò dé Muṣin, tó wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Títì kan náà ni, ìjọba méjì ló ni ín.

Àwọn aládàáni ló wá gba ojú títì: bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi pákó kan ara rẹ̀, lẹ́yìn náà mọlúè, bọ́ọ̀sì ńlá tí àwọn alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ wa kan ara rẹ̀, àti dáńfó, bọ́ọ̀sì kékeré. Awakọ̀ ní iye tó gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ lálẹ́, ó ní epo láti rà àti owó tí agbèrò ń gbà ní ibùdókọ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ni òun àti kọ̀ńdọ́ ń pín. Nítorí náà, inú ọkọ̀ tí èrò jókòó sí nìkan ni owó tó san mọ: ẹni tó ti Muṣin bọ̀, tó sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba láti wọ òmíràn lọ sí Yábà, tún gbọ́dọ̀ san tuntun, iye tí òjò tàbí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì lè sọ di ìlọ́po méjì.

Ìṣòro ṣéńjì tún wà níbẹ̀. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" ni kọ̀ńdọ́ máa ń ké lẹ́nu ọ̀nà, owó bébà tó ti ká gbọọrọ wà láàárín ìka rẹ̀, bí kò bá sì rí ṣéńjì, yóò so èrò méjì tí kò mọra pọ̀, yóò fún wọn ní owó kan ṣoṣo pé kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Ọkọ̀ kejì lè lọ níbi tí wọ́n ti ń wá alágbo tàbí ẹlẹ́pà tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ, àdánù tí kò sí nínú iye owó ọkọ̀ rárá.

LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 2002, gbé bọ́ọ̀sì BRT, tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà 2008, láti Máìlì 12 gba Fádéyì àti Sùúrùlérè wọ Erékùṣù, tíkẹ́ẹ̀tì bébà tí èrò rà kó tó wọlé sì gba owó kúrò lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Káàdì Cowry, tí a fi orúkọ owó ẹyọ sọ, ló rọ́pò tíkẹ́ẹ̀tì yìí, òun náà ló sì ń ṣí ọ̀nà fún èrò ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń dúró ní Muṣin àti Yábà láti oṣù Ọ̀wàrà 2024. Àṣeyọrí ńlá ni pé bọ́ọ̀sì àti ojú irin ń gba káàdì kan náà. Síbẹ̀, dáńfó àti kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń gbé èrò láti ibùdó wọ àdúgbò ṣì ń gba owó lọ́wọ́, ẹni tó fi káàdì dé Muṣin ṣì ní láti wá ṣéńjì kó tó délé.