Àkàbà Ìdènà: Ẹnu-Ọ̀nà Tí Ogun Kò Fọ́ ní Kétu



Ní ilé olúwo mi ní Ìmẹ̀kọ, a kì í júbà kí a gbàgbé Kétu. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá. Ìtàn Awo sì sọ pé Èṣù jọba níbẹ̀ rí. Ọdún pọ̀ tí mo fi ń júbà ìlú tí ojú mi kò tó. Lẹ́yìn tí olúwo mi papò dà, mo gba Ìlárá kọjá ẹnubodè, mo lọ wo ohun tí ó ṣẹ́kù lára odi àtijọ́ náà.

Amọ̀ ni a fi mọ odi yẹn, yàrà jíjìn sì yí i ká. Òjò ti wẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Àkàbà Ìdènà, ẹnu-ọ̀nà ìlú, ṣì dúró.

Mo ti rò pé àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ni ó fọ́ ọ wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1886, nígbà ayé ọba Glele, wọ́n dó ti ìlú títí oúnjẹ fi tán nínú odi. Ebi ni ó ṣí ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì sọ Kétu di ahoro. Ìdí nìyí tí a fi ń fún Èṣù ní tirẹ̀ kí a tó bọ òrìṣà yòókù: oníbodè gbọ́dọ̀ jẹun.

Ní 1889, nígbà tí ìlú ṣì wà láhoro, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó ya Ìmẹ̀kọ nípa sí Kétu. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé gba Abomey ní 1892 ni àwọn tí ó yè tó padà wá tún ilé kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ti tà sí Bràsíl ṣáájú ti gbìn ìsìn wọn sí Bahia, níbi tí àwọn olórìṣà ti ń fi orúkọ Kétu pe ìsìn wọn títí di òní.

Mo da omi tútù sílẹ̀ fún Èṣù. Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó nítòsí bi mí pé, “Agboolé wo ni àwọn baba yín ti jáde níbí?”

N kò lè dáhùn. Olúwo mi mọ̀ ọ́n. Mo bi í ní odù, mo bi í ní ewé, n kò bi í ní èyí rí.

Ẹ̀yin tí àgbà yín ṣì wà láàyè, ẹ bi wọ́n lónìí.