Ìtọ́jú Ilé Háyà ní Èkó: Ibi tí Àṣìṣe ti Wọlé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé háyà ní Èkó fi ń tètè di àlàpà, kí ó kọ́kọ́ wo bí àwọn Yorùbá àtijọ́ ti ń tọ́jú ilé. Nígbà náà, ilé kì í ṣe ohun tí à ń pa owó lórí rẹ̀. Àjèjì tí ó bá wọ ìlú a lọ bá baálé. Wọn a fún un ní yàrá láìgba owó ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àtúnṣe sì ní àkókò tirẹ̀. Kí òjò tó dé, baálé a bẹ ọ̀wẹ̀. Ọmọ ilé àti àna a péjọ láti tún òrùlé ṣe, kí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ibi tí ògiri ti là. Ààfin Ọ̀yọ́ pàápàá kò yọ sílẹ̀: nígbà ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń kó koríko òrùlé wá. Ẹ kíyè sí i pé owó kọ́ ni ó ń tún ilé ṣe, ọwọ́ ènìyàn ni.

Nígbà tí ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí iṣẹ́ ìjọba àti ti èbúté sì ń fa èrò wọ Èkó, ilé di ohun tí à ń fi háyà. Owó ilé dé, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ kò bá a dé. Ayálégbé ní òun kì í ṣe ọmọ ilé. Onílé ní èrè ni owó tí òun gbà. Níbi yìí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé, nítorí pé apá kan nínú owó ilé kì í ṣe ti onílé rárá: ti páànù tí yóò dípẹtà ni, ti ṣalanga tí yóò kún, ti ọ̀dà tí yóò bó. Ẹni tí ó gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì fi ṣe òkú ìyá rẹ̀, kí ni yóò fi dí òrùlé tí ó ń jò nínú òjò oṣù Kẹfà? Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ka gbígba owó tí ó ju ti ọdún kan lọ léèwọ̀, yàtọ̀ sí ní àdúgbò mélòó kan bí Ìkòyí. Ayálégbé ni òfin náà ń rò, ṣùgbọ́n ì bá gba ilé là pẹ̀lú.

Bí onílé bá kú, ọ̀ràn a tún burú sí i. Ogún Suberu Dawodu ti Èkó, tí ó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sáyé, di ẹjọ́ tí ó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ náà fara mọ́ ìdí-igi, èyí ni pé iye ìyàwó ni kí a fi pín ogún, kì í ṣe orí-ò-jorí. Ìdájọ́ náà bá àṣà mu. Síbẹ̀, bí ẹbí bá ń pín owó ilé sí ọ̀nà mẹ́rin, ó yẹ kí ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdí-igi karùn-ún. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá ni wọ́n ń pín. Olúkúlùkù a máa gba owó yàrá tirẹ̀, òrùlé a sì di ti gbogbo ayé.

Ó tún ku èyí tí ó burú jù: kí a mọ̀ pé ilé ti gbó, kí a sì máa fi ènìyàn sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà lókè rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbé àwọn àjà yòókù. Ènìyàn 20 ni ìròyìn sọ pé ó kú. Ìjọba ti fi àmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o.