Ṣé èsì scan tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ ṣeé gbára lé?

Iṣan ńlá tó ti ìfun wá ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀. Ultrasound Doppler ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ kọrí sí hàn dáadáa, àmọ́ iye ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Tí wọ́n bá fi 10% wọn fífẹ̀ iṣan jù, iye ẹ̀jẹ̀ á fi 21% lé. Oúnjẹ náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ yìí pọ̀ sí i, nítorí náà, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹun kẹ́ ẹ tó wá, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ̀rọ kan náà ló dáa jù. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo já yín láyà. Dókítà ni kẹ́ ẹ bi.