Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́ Ológeere

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í pọ̀ lórí rẹ̀, yálà ìjọba ló yà á sọ́tọ̀ tàbí ẹsẹ̀ ará oko ló là á. Èyí tí ẹsẹ̀ là ló so àwọn abúlé Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà, lẹ́bàá Ìbàdàn, mọ́ oko, odò àti ọjà. Ó tóóró, ẹni tí kò rẹrù ló ń yà fún ẹni tó rẹrù. Kí ọ̀kadà tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbé kòkó gba ibẹ̀. Ní ìgboro, àdúgbò tó dákẹ́ ni ìjọba sábà ń yàn fún èyí tó yà sọ́tọ̀: wọ́n á ri òpó kọnkéré mọ́ ẹnu ọ̀nà náà, kẹ̀kẹ́ á ráyè kọjá, mọ́tò ò ní ráyè. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà jáde lórí ìrìnnà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́.