Ẹ Kú Ọ̀gìnnìtìn: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ra Ooru Nílùú Ọba

Yorùbá kì í jẹ́ kí ojú ọjọ́ kan kọjá láìkí ara wọn sí i. A ní kíkí fún oòrùn, fún òjò, fún ọyẹ́ àti fún òtútù. Ṣùgbọ́n òtútù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe irú èyí tí mò ń gbé inú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, ètè yóò là, a ó yáná lówùúrọ̀. Bí oòrùn bá gòkè, ó parí. Níhìn-ín, oṣù márùn-ún gbáko ni ènìyàn fi ń ra ooru bí ẹni ń ra oúnjẹ. Ìtàn rírà náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé àìmọ̀ rẹ̀ ná mi lówó.

Ní ìparí ọdún 2022, ìwé owó gáàsì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná pátápátá. Mo wọ súẹ́tà méjì, mo ní mo gbọ́n. Kò pé oṣù kan tí ìhu dúdú fi bo igun ògiri yàrá àwọn ọmọ, tí àbíkẹ́yìn mi sì ń wúkọ́ mọ́jú. Bàbá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti dé ìlú yìí láti ọdún 1961, wá kí wa. Ó gbé ọwọ́ sí etí fèrèsé, ó gbé e sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní: “Ọmọ mi, nígbà tí o ń tan ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe ilé rẹ ni o ń mú gbóná o, títì ni.” Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi wá ìdí ìtàn náà lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yáná. Ààrò rẹ̀ wà lára ògiri, ihò èéfín sì gba orí òrùlé jáde. Ṣùgbọ́n ihò tí ń gbé èéfín jáde náà ni ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru lọ, atẹ́gùn tútù a sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síwájú iná, ojú rẹ̀ a gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ a tutù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọn kò lò, tí wọ́n sì ń gbé ohun gbígbóná sórí ibùsùn. Wọn kò lépa àtimú gbogbo ilé gbóná. Ara ènìyàn ni wọ́n ń mú gbóná.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé gbígbé wà lára ohun tó ká wọn lára jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í gba ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìgbé tirẹ̀ ní Camden. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ènìyàn wa wá pọ̀ sí i, yàrá kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń háyà. Iná gáàsì kékeré a máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú mítà tí ń jẹ owó ẹyọ. Bí o bá ju ṣílè kan sí i lẹ́nu, o yáná. Bí ṣílè bá tán, iná kú. Bàbá ní àwọn a máa dúró kí ará yàrá pé kí àwọn tó ju owó sí i, kí ṣílè kan lè mú ènìyàn mẹ́rin gbóná.

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú àti kùrukùru dàpọ̀ bo Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí òkú rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ó lè tó 12,000. Ìjọba ṣòfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní ọdún 1956, èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé. Sítóòfù kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ tálákà gbá mú. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí lítà kẹrosíìnì kan bá jó tán, omi tó tó lítà kan ni yóò ti bá afẹ́fẹ́ lọ sára ògiri. Bí sítóòfù bá sì ṣubú, ilé lè jó. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn wọ̀nyí fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sùn, nítorí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà mìíràn. Nínú òtútù ńlá ọdún 1962 sí 1963, yìnyín wà nílẹ̀ ní ibi púpọ̀ láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta.

Ní ọdún 1967, gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá dé èbúté. Títí di ọdún 1977, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti tún ẹ̀rọ ìdáná ṣe kí ó lè bá gáàsì tuntun náà mu. Bọ́ílà àti rédíétọ̀ wá tàn kálẹ̀: omi gbígbóná ń gba inú páìpù káàkiri, gbogbo yàrá gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ara tu ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé kò yí padà. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú ọdún 1919 ṣì pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni atẹ́gùn ń gba fèrèsé rẹ̀ wọlé. A wá ń da ooru sínú wọn bí ẹni ń pọn omi sínú ajere. Nígbà tí omi kò wọ́n, ta ni yóò bìkítà?

Omi wá wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, gbèdéke tí wọ́n fi lé owó gáàsì àti iná mànàmáná ilé tí kò tóbi tí kò kéré jẹ́ £1,277 lọ́dún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó di £1,971. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ti gbógun ti Ukraine, £2,500 ni ó jẹ́, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba pàápàá.

Èmi àti Bàbá padà sí ọgbọ́n àtijọ́. A ká aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, a lẹ rọ́bà mọ́ etí fèrèsé, a sì ta aṣọ tó nípọn tí à ń fà dé ní kété tí oòrùn bá wọ̀. A kò dí ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sára ògiri, nítorí pé ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bọ́ílà mi kò ní táńkì. Mo dín ìgbóná omi tó ń rán sí rédíétọ̀ kù sí 60°C. Irú bọ́ílà òde òní bẹ́ẹ̀ a máa gba ooru inú èéfín ara rẹ̀ padà bí omi tó ń padà sínú rẹ̀ kò bá gbóná jù. Mo sì tan ẹ̀rọ padà, mo fi yàrá sí 18°C, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá ní ọdún 2018 pé kí ilé má rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ọmọdé àti arúgbó tilẹ̀ lè nílò jù bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìwé owó ti oṣù tó tẹ̀lé e rọ̀ díẹ̀, ọmọ mi sì sùn.

Ní oṣù Kejì, mo lọ kí Bàbá nílé rẹ̀. Kóòtù ni mo bá lọ́rùn rẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, ẹ̀rọ wà ní pípa. Ẹni tó kọ́ mi lọ́gbọ́n ṣì ń ka ṣílè. Mo tan ẹ̀rọ náà kí n tó jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà lókè òkun, bí ẹ bá kí wọn kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ má jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ẹ béèrè bí ilé wọn ṣe gbóná tó.

Ó dìgbà ó ṣe.