"Ẹ Bá Mi Dúpẹ́": Ìtàn Ìjẹ́rìí ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Etí Odò Ọ̀ṣun dé Orí Ayélujára

Ìfáárà

Bí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, tàbí tí arìnrìn-àjò bá dé láìfarapa, gbólóhùn tí Yorùbá máa ń sọ ni "Ẹ bá mi dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ náà "bá" ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹni tó rí oore gbà ń sọ pé ẹnu òun nìkan kò gba ọpẹ́ náà, ó sì ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ kì í dúró sílé: wọn yóò wá kí i, wọn yóò gbé ọmọ tuntun náà, wọn yóò sì fi ojú ara wọn rí i pé òótọ́ ni. Gbólóhùn kan náà ló kún orí Facebook àti WhatsApp lónìí, pẹ̀lú àwòrán ọmọ, ilé tuntun tàbí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn. Èrò bébà yìí ni pé àṣà ìjẹ́rìí ní gbangba kì í ṣe tuntun rárá ní Òṣogbo àti Iléṣà. Ohun tó yí padà ni àǹfààní tí olùgbọ́ ní láti lọ wo ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ẹ̀rí létí odò Ọ̀ṣun

Ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa ìtẹ̀dó Òṣogbo jẹ́ ìtàn májẹ̀mú. Wọ́n ní Laróòyè àti Tìméhìn ọdẹ ń wá ibi tí omi wà, wọ́n sì dé etí odò Ọ̀ṣun. Igi tí wọ́n gé ṣubú sínú odò, ó sì fọ́ àwọn ìkòkò aró òrìṣà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bá a mulẹ̀ pé yóò dáàbò bo ìlú, ìlú náà yóò sì máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Orúkọ oyè ọba ibẹ̀, Atáọ́ja, wá láti inú ìtàn pé ọba tẹ́wọ́ gba ẹja. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún ni Arugbá ń ru igbá lọ sí ojúbọ nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Láàárín èrò tó ń wọ́ lọ sí odò ni a ti máa ń rí àwọn obìnrin tó wá san ẹ̀jẹ́. Ẹni tó bẹ Ọ̀ṣun fún ọmọ a padà wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò nílò àlàyé gígùn. Àwọn tó mọ̀ pé òfìfo ni ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ohun kan tí ojú èrò kì í tó: ẹni tí kò rí ọmọ bí kò ní ẹ̀jẹ́ kankan láti san. Kò sí ibi tí a ti ń ka iye irú wọn.

Òkè-Ooyè, 1930

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìjẹ́rìí gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú jà ní ọdún 1918, àwọn Kristẹni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà, wọ́n sì gbà pé Ọlọ́run lè wo àrùn sàn láìlo oògùn kankan, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Ìwé ìròyìn Sword of the Spirit tí ìjọ Faith Tabernacle ń tẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, fún ìgbàgbọ́ wọn lókun, wọ́n sì gba orúkọ ìjọ náà. Faith Tabernacle kò rán míṣọ́nnárì kankan wá; lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni gbogbo àjọṣe wọn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn àgbèrè kan Clark, olórí ìjọ náà, tí ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Nàìjíríà kò ní ọ̀nà láti fi ojú ara wọn wádìí. A lè pe èyí ní àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ohun tí à ń rí lónìí: ìgbàgbọ́ tó dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò rí rí.

Ti Òkè-Ooyè yàtọ̀. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, sọ pé òun gbọ́ ìpè ní ọdún 1928. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ìtàn ìjọ náà sọ pé òkú ọmọ kan jí, ìròyìn sì tàn. Èrò wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ohun èlò omi lọ́wọ́, kí wọ́n lè gbé omi àdúrà lọ sílé, ọ̀pọ̀ sì kó ère àti oògùn ìbílẹ̀ wọn wá fún sísun. (Àwọn ọmọ ìjọ lè má fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n omi Òkè-Ooyè àti omi Ọ̀ṣun fara jọ ara wọn lójú ẹni tó ń wá ìwòsàn.)

Báwo ni ìròyìn ṣe yára tó bẹ́ẹ̀ láìsí tẹlifóònù lọ́wọ́ ará ìlú? Ojú irin ti dé Òṣogbo láti ọdún 1907, mọ́tò sì ń ná Òṣogbo sí Iléṣà. Àwọn òṣómààlò sì wà, ìyẹn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí orúkọ wọn sì wá láti inú ìlérí pé orí ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí wọn. Òṣómààlò kì í sọ̀rọ̀ kó sá lọ; ó gbọ́dọ̀ padà sí ilé oníbàárà rẹ̀ láti gba owó. Bí ìròyìn tó gbé wá bá jẹ́ irọ́, ojúkojú ni wọn yóò ti bi í. Kì í ṣe pé òṣómààlò kò lè purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ yóò padà bá a.

Àríyànjiyàn kò tán pẹ̀lú ìsọjí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti Bìrìtìkó ń lo kúnínì ní òpin àwọn ọdún 1930, àwọn kan nínú àwọn aṣáájú ìbílẹ̀ ní ìgbàgbọ́ wọn kò pé. Lára ohun tó fa ìyapa tó bí ìjọ Christ Apostolic Church nìyẹn.

Ẹ̀rí tí a kọ sílẹ̀

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà, ní òpin àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń tọ́jú sílé. Àti ọmọ tó yè àti ọmọ tó kú ló wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Àwọn tí etí odò kò kà, a kà wọ́n níbí. Káàdì náà ti Ìmẹ̀sí-Ilé dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ìgbà ayélujára

Ẹ̀rọ alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ìkànnì ayélujára sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pín níbẹ̀ jẹ́ ọpẹ́ tòótọ́: ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ "ẹ bá mi dúpẹ́" ìyá rẹ̀ ní wákàtí tí ọmọ bí. Àmọ́ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa kì í sábà jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. A mọ arákùnrin tó pín in. A kò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 fi èyí hàn. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀ránṣẹ́ kan tàn láàárín òru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn ẹbí ló ń pe ara wọn jí, nítorí ìfẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìròyìn ti dé pé ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ènìyàn 20 ló mú, 8 kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ ipasẹ̀ ènìyàn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò ojúkojú tó nǹkan bí 18,500, láti ilé dé ilé.